Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Píìnì Lórúkọ: Bí A Ṣe Ń Ṣe Àfikún sí Bọ́ọ̀dù Ẹ̀rọ Agbẹ́gi

Ẹ̀kọ́ tí mo mú wá lónìí jẹ́ ti wáyà, lẹ́ẹ̀dì àti pákó. Kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé kí ló kan ọmọ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè nínú rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀.

Ní ìsinmi tó kọjá, mo lọ gbé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Ajégúnlẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni wọ́n, ṣọ́ọ̀bù wọn kò sì jìnnà sí Boundary, lápá ibi tí ènìyàn ti ń kọjá sí Àpápá. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi dá lórí orúkọ tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń pe irinṣẹ́ wọn. Mo wá gbọ́ ọ̀rọ̀, mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, kí n máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀rọ kan tí kọ̀ǹpútà ń darí, tó ń gbẹ́ ọnà sára ilẹ̀kùn àti pátákó. Owó àjọ ọdún kan gbáko ni wọ́n fi kó èèlò rẹ̀ jọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, wọ́n pè mí. "Purofẹ́sọ̀, ìwọ lo mọ̀wé. Wá bá mi so súwíìsì yìí mọ́ bọ́ọ̀dù." Súwíìsì náà ni yóò máa sọ fún ẹ̀rọ pé orí rẹ̀ ti gòkè dópin, kó dúró. Mo wo bọ́ọ̀dù, mo rí ibi tí wọ́n kọ Z+ sí. Z ni òkè àti ìsàlẹ̀. Mo so ó síbẹ̀. A tan ẹ̀rọ, a ní kó wá ilé rẹ̀. Orí rẹ̀ gòkè, ó kan súwíìsì, kò dúró. Ó ń ti irin lọ, ó ń ké, títí tí ohun tó so mọ́tò pọ̀ mọ́ irin oníṣíkúrúù fi là sí méjì. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà tó kọ ALARM:9.

Àga ìwàásù kan wà lórí tábìlì ẹ̀rọ náà tí ṣọ́ọ̀ṣì kan ti san àbọ̀ owó rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n fẹ́ gbà á. Èmi ni mo so wáyà náà. Ohun tí mo kọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án tó tẹ̀lé e ni mo fẹ́ kọ́ yín.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń gbọ́ èdè

Ẹ̀rọ náà ní orí kan tó di abẹ mú. Orí yìí ń lọ sọ́tùn-ún àti sósì, èyí ni X. Ó ń lọ síwájú àti sẹ́yìn, èyí ni Y. Ó ń gòkè ó ń sọ̀kalẹ̀, èyí ni Z. Mọ́tò kékeré ló ń ti apá kọ̀ọ̀kan. (Mọ́tò tí mo ń wí kì í ṣe ọkọ̀ o.) Irú mọ́tò yìí kì í kàn yí lọ bí fáànù; ìgbésẹ̀ ló ń gbé. Èyí tó wọ́pọ̀ jù máa ń gbé ìgbésẹ̀ 200 kó tó yí po lẹ́ẹ̀kan.

Èdè tí a fi ń bá a sọ̀rọ̀ ni G-code. Ní 1952 ni Yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà fi irú ẹ̀rọ agbẹ́rin tí nọ́ńbà ń darí han aráyé, inú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì ni èdè yìí ti dàgbà. Ẹ wo gbólóhùn rẹ̀ kan: G1 X50 F300. G1 dà bí ọ̀rọ̀-ìṣe: lọ tààrà. X50 sọ ibi tí à ń lọ: ojú ìwọ̀n 50 mílímítà. F300 sọ bí a ó ṣe yára tó: mílímítà 300 ní ìṣẹ́jú kan.

Ẹni tó ń gbọ́ èdè yìí nínú ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n mi ni Grbl, ètò kọ̀ǹpútà kan tí Simen Svale Skogsrud bẹ̀rẹ̀ ní 2009. Inú bọ́ọ̀dù kékeré Arduino Uno ló ń gbé. Lórí Arduino náà ni wọ́n gbé bọ́ọ̀dù kejì lé, CNC Shield, tí Protoneer ní New Zealand yà. Bọ́ọ̀dù kejì yìí ni agbedeméjì: ó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Arduino, ó ń fún mọ́tò àti súwíìsì.

Àmì kan, ìtumọ̀ méjì

Kí ló wá dé tí ẹ̀rọ kò fi dúró? Nígbà tí wọ́n ya CNC Shield V3.00, Grbl 0.8 ló wà lóde. Nínú Grbl yẹn, píìnì 11 ni súwíìsì Z, píìnì 12 sì ni ti mọ́tò abẹ. Nígbà tí Grbl 0.9 dé, wọ́n fẹ́ kí ètò náà lè mú kí abẹ yára tàbí kó rọra. Píìnì 11 lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn lórí Uno. Píìnì 12 kò lè ṣe é. Wọ́n bá pààrọ̀ àwọn méjèèjì: mọ́tò abẹ bọ́ sórí 11, súwíìsì Z bọ́ sórí 12. Ṣùgbọ́n Z+ tí wọ́n fi ọ̀dà tẹ̀ sára V3.00 kò kúrò níbi tó wà. Ó ṣì ń tọ́ka sí 11.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó sí kíláàsì ìmọ̀ ìtumọ̀, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí. Saussure ti kọ́ wa pé àdéhùn ló so àmì pọ̀ mọ́ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ wo "ọkọ̀". Láyé àtijọ́, ohun tí à ń fi àjẹ̀ tù lójú omi ni. Lónìí, ẹni tó bá dúró ní Àpápá tó ní "ọkọ̀ ti dé", ó lè jẹ́ tírélà, ó lè jẹ́ ọkọ̀ òkun tó kó kọ̀ǹténà wá láti òkè òkun. Ọ̀rọ̀ dúró, ìtumọ̀ ṣípò. Ẹni tí kò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ìgbà tó sọ ọ́ yóò ṣì í gbọ́.

Ibo wá ni ìtumọ̀ píìnì wà? Inú fáìlì kan nínú Grbl tó ń jẹ́ cpu_map.h ló wà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti to píìnì àti iṣẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Èmi kò wo ilé. Orúkọ tí mo bá lára ọmọ ni mo gbà.

Ọ̀nà kan wà tí a fi ń dán píìnì wò láìsí ewu, ó sì dà bí ìgbà tí à ń ya "igba", "igbá" àti "ìgbà" sọ́tọ̀: ẹ yí ohun kan ṣoṣo padà, kí ẹ wo ohun tó yí padà nínú ìtumọ̀. Ẹ má jẹ́ kí mọ́tò rìn. Ẹ fi ìka tẹ súwíìsì, kí ẹ tẹ àmì ìbéèrè, ?, ránṣẹ́ sí Grbl. Bí ó bá gbọ́ yín, Pn:Z yóò wà nínú èsì rẹ̀. Ẹ fi súwíìsì sílẹ̀, kí ẹ tún béèrè. Z náà gbọ́dọ̀ pòórá. Nígbà tí mo ṣe é, kò sí Z rárá. Mo gbé wáyà lọ sí píìnì 12, tí wọ́n kọ SpnEn sí lára bọ́ọ̀dù. Z jáde. Ìṣẹ́jú méjì ni ìdánwò yẹn gbà. Ká ní mo ti ṣe é lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni, irin kì bá tí là.

Kí là ń pè ní bọ́ọ̀dù tí a ṣí sílẹ̀?

Kí ẹ̀gbọ́n mi tó ra Arduino, wọ́n ti kọ́kọ́ ra bọ́ọ̀dù mìíràn lọ́jà. Kò sí ìwé pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n ti ha orúkọ kúrò lójú àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná ìjọba dé pẹ̀lú agbára jù, ó jó. Ọwọ́ mẹ́ta ló tú u, kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tó ti jó, nítorí kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe rí kó tó jó. Ó dà bí èdè tí kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ mọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì kọ gírámà rẹ̀ sílẹ̀.

Bọ́ọ̀dù tí a ṣí sílẹ̀ ni èyí tí àwòrán ìsopọ̀ wáyà rẹ̀ wà fún gbogbo ènìyàn, tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ ọ, kó tún un ṣe, kó fi kún un, kó ṣe tirẹ̀, kó sì tà á, gẹ́gẹ́ bí ìwé àṣẹ rẹ̀ bá ṣe là á sílẹ̀. Ìlú Ivrea ní Ítálì ni Arduino ti bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Ní 2011, CERN, ilé ìwádìí ńlá tó wà ní ẹnubodè Siwítsálandì àti Faransé, gbé ìwé àṣẹ kan jáde fún irú ohun èlò báyìí. Ọ̀fẹ́ kọ́ ni "ṣíṣí sílẹ̀" túmọ̀ sí. Owó ni ẹ̀gbọ́n mi fi ra ti wọn. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé nígbà tí ó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ibì kan wà tí mo lè lọ kà.

Àfòmọ́ kìíní: alárenà

Lẹ́yìn tí Z ti ń dúró dáadáa, ìyọnu mìíràn yọjú. Wẹ́dà ló wà ní ìkángun sí wa. Bó bá ti fi iná kan irin, ẹ̀rọ wa yóò dúró láàárín iṣẹ́, yóò kọ ALARM:1: ó rò pé ẹnìkan tẹ súwíìsì. Ariwo iná ló gba ara wáyà gígùn wọlé. Bọ́ọ̀dù náà kò ní ààbò tó fún irú àdúgbò wa. Àfi kí a fi kún un.

Nínú mọfọ́lọ́jì, a mọ̀ pé àfòmọ́ kì í kàn lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ bó ṣe wù ú. "Oní" àti "ilé" di "onílé". Ṣùgbọ́n "oní" àti "aṣọ" kò di "oníaṣọ", "aláṣọ" ni. Ojú ìpàdé ló ní òfin tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni bọ́ọ̀dù. Iná 5V ni píìnì Arduino lè gbà. A fẹ́ fi 12V sínú wáyà súwíìsì kí ariwo má baà tètè borí rẹ̀. Bí 12V bá kan píìnì náà ní tààrà, ó ti jó nìyẹn.

Ohun tó ń bá wa yanjú rẹ̀ ni optocoupler, ẹ̀yà kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Gílóòbù tín-ń-tín kan wà nínú rẹ̀ ní apá kan, ojú tó ń rí ìmọ́lẹ̀ wà ní apá kejì. Iná 12V ń tan gílóòbù. Ojú rí ìmọ́lẹ̀, ó sọ fún Arduino. Wáyà kankan kò so apá méjèèjì pọ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ tán, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Alárenà nìyẹn. Ìdílé méjèèjì kò tíì fojú kojú, ọ̀rọ̀ sì ń lọ." Mo kọ orúkọ náà sínú ìwé mi lójú ẹsẹ̀.

Bí a ṣe ṣe é rèé, fún súwíìsì kọ̀ọ̀kan:

1. Ẹ wá optocoupler PC817. Gílóòbù inú rẹ̀ ń gba nǹkan bí 1.2V.
2. Ẹ ṣírò resistor rẹ̀. 12V yọ 1.2V kúrò ku 10.8V. Bí a bá fi 1,000 ohm sí i, iná tí yóò ṣàn jẹ́ 10.8 mA, ó sì tó. Resistor kékeré olóògùn-ún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún wáàtì, ìyẹn 0.25W, lè gbé e.
3. Ẹ so 12V gba inú súwíìsì, gba inú resistor, wọ inú gílóòbù, kó padà sí òdì 12V.
4. Ní apá kejì, ẹ so ẹsẹ̀ kan mọ́ píìnì Arduino, ẹsẹ̀ kejì mọ́ GND.
5. Ẹ má so òdì 12V pọ̀ mọ́ GND Arduino. Bí ẹ bá so wọ́n pọ̀, alárenà kò ní iṣẹ́ mọ́.
6. Ẹ lo súwíìsì tó máa ń wà ní dídì nígbà gbogbo, tó ń ṣí nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́. Kí ẹ wá tẹ $5=1 fún Grbl kó lè mọ̀.

Ìkẹfà yìí ló wù mí jù. Pẹ̀lú irú súwíìsì yìí, iná tó ń ṣàn túmọ̀ sí "àlàáfíà ni", àìsí iná sì túmọ̀ sí "dúró". Bí eku bá gé wáyà lóru, ẹ̀rọ kò ní rìn. Èdè wa náà mọ ọ̀nà yìí. Ohùn àárín kì í gba àmì lórí nínú àkọtọ́ wa, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò ní ìtumọ̀. Àìsí àmì náà, àmì ni.

Àfòmọ́ kejì: ọwọ́ tó ń tan fáànù eruku

Eruku pákó ni ìyọnu kejì. Ọmọ iṣẹ́ kan máa ń wúkọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Fáànù tó ń fa eruku wà, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gbàgbé láti tàn án. A fẹ́ kí ẹ̀rọ máa tàn án fúnra rẹ̀.

Grbl ní píìnì kan, A3, tí wọ́n kọ CoolEn sí lára bọ́ọ̀dù. Omi tó ń mú irin tutù ni wọ́n ṣe é fún. M8 ń tàn án, M9 ń pa á. Àwa kì í da omi sórí pákó. A gba píìnì náà fún eruku. Lọ́tẹ̀ yìí, àwa fúnra wa la yí ìtumọ̀ padà, a sì mọ ohun tí à ń ṣe.

Ṣùgbọ́n píìnì Arduino kò lágbára láti gbé réléè. 20 mA ló yẹ kí a máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Réléè 5V tó wọ́pọ̀ ní okùn wáyà inú rẹ̀ tó jẹ́ 70 ohm: 5 pín sí 70 jẹ́ nǹkan bí 71 mA. Nítorí náà, a fi tíránsítọ̀ 2N2222 sáàárín: A3 gba inú 1,000 ohm wọ inú tíránsítọ̀, tíránsítọ̀ ló wá ń gbé réléè. A fi diode 1N4007 kọjú òdì sí réléè náà, nítorí bí a bá pa á lójijì, iná inú okùn wáyà rẹ̀ máa ń fò padà, ó sì lè pa tíránsítọ̀. Fáànù wa jẹ́ 1,000W lórí 240V, ìyẹn ampere mẹ́rin àti díẹ̀. Réléè gba mẹ́wàá. Ẹ̀yin ará mi, apá 240V kì í ṣe ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ iṣẹ́. Oníṣẹ́ iná ló bá wa so ó, inú àpótí tó ní ìdérí ni a sì fi sí.

Ibi tí èèlò ti wá

Nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, díẹ̀ la rà ní tuntun. Inú ṣájà àti ẹ̀rọ àlòkù ni PC817 ti ń wá; ẹ tú èyíkéyìí tó ti kú, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá ọ̀kan níbẹ̀. Ìwádìí tí United Nations University àti ilé iṣẹ́ Basel Convention fún Áfíríkà tó wà ní Ìbàdàn ṣe ní 2015 àti 2016 fi hàn pé ó kéré tán, 60,000 tọ́ọ̀nù àlòkù ohun èlò oníná ló ń gba èbúté Àpápá àti Tin Can wọlé lọ́dún kan. Púpọ̀ nínú wọn wà nínú ikùn ọkọ̀ tòkunbọ̀. Èyí tó dára ń lọ sọ́jà. Èyí tó ti kú ń di ohun tí wọ́n ń sun, èéfín rẹ̀ sì ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ àdúgbò. Bí a ṣe tú wọn ní títú oníwà pẹ̀lẹ́, wọ́n di èèlò.

Ẹnìkan ti ṣe ju tiwa lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí. Ní Lomé, olú ìlú Tógò, Sénamé Koffi Agbodjinou dá WoeLab sílẹ̀ ní 2012. Níbẹ̀ ni Kodjo Afate Gnikou ti fi àlòkù ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kan ẹ̀rọ tó ń fi rọ́bà mọ nǹkan, W.Afate, tí òkìkí rẹ̀ kàn ní 2013. Kì í ṣe òfo ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwòrán RepRap, tí Adrian Bowyer bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Bath ní 2005 tó sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, wà níwájú rẹ̀. Ó ka àwòrán, ó sì fi ohun tó wà ní ìlú rẹ̀ dí ibi tó ṣófo. Ẹ̀rọ tí wọ́n jọ ń kà yẹn àti tiwa, ọ̀kan náà ni gírámà wọn: G-code, mọ́tò onígbèésẹ̀, bọ́ọ̀dù tí a mọ inú rẹ̀.

Orúkọ wo la ó kọ sí i?

Àga ìwàásù dé ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà tí wọ́n ti ń retí rẹ̀. Wọ́n yọ nínú owó rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi jà. Wọ́n kàn fi irin tó là sí méjì kọ́ ìṣó lára ògiri, wọ́n ní, "Máa wò ó."

Kí n tó padà sí iléèwé, mo gé bébà lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù. Mo bo Z+ pátápátá. Níbi tí wọ́n kọ SpnEn sí, mo kọ ÒKÈ. Níbi tí wọ́n kọ CoolEn sí, mo kọ ERUKU. Bọ́ọ̀dù tuntun wa, mo kọ ALÁRENÀ sí i. Mo tún ya bó ṣe so pọ̀ sórí pépà, mo kọ ẹ̀dà Grbl tó wà nínú rẹ̀ àti ọjọ́ tí a ṣe é, a fi rọ́bà wé e, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí àpótí. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù: Yorùbá kan, Urhobo kan, Igbo kan. Kí a tó lẹ̀ ẹ́, mo ní kí kálukú wọn kà á, kó fọwọ́ kan píìnì tí mo bá pè. Ọmọ Urhobo béèrè pé, "Wetin be alárenà?" Ọmọ Yorùbá ló ṣàlàyé fún un, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ ju bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún yín lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi mú ẹ̀kọ́ yìí wá sí ẹ̀ka wa. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ lè ya bọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n bí orúkọ bá ṣípò tí ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ sílẹ̀, irin yóò là. Iṣẹ́ tiwa ni láti mọ bí orúkọ ṣe ń ṣípò, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ lédè tí ẹni tó ń lo ẹ̀rọ gbọ́.

Ìdánrawò

1. Ẹ wá ohun èlò kan nílé yín tí orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ kò bá iṣẹ́ tí ẹ fi ń ṣe mu mọ́. Ta ló yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà?
2. Bí iná súwíìsì bá jẹ́ 24V dípò 12V, resistor mélòó ni ẹ ó fi sí i kí nǹkan bí 10 mA lè ṣàn? Ṣé èyí tó jẹ́ 0.25W lè gbé e?
3. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníṣẹ́ ọwọ́ kan ní àdúgbò yín, kí ẹ béèrè orúkọ irinṣẹ́ márùn-ún. Kí ẹ tó so wáyà kankan o, ẹ kọ́kọ́ wo ilé.